Ìgò oògùn wo ló ká aràn ẹ̀dọ̀ àgùntàn inú ilé?

Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ṣakí, tí o ní o fẹ́ oògùn aràn ẹ̀dọ̀ fún àgbò tí o so mọ́lẹ̀, albendazole 2.5% ló ṣeé ṣe jù kí wọ́n gbé fún ọ. Oògùn náà kò burú. Ó ń pa aràn ẹ̀dọ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó ti dàgbà nìkan ló ń pa, ìwọ̀n tó fi ń pa á sì ju èyí tí ọ̀pọ̀ òǹtajà ń sọ lẹ́nu lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi ń ra oògùn, tó ń fún ẹran mu, tí ẹran ṣì ń rù lójú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdájọ́ wa ká tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Closantel 5% la fi síwájú fún àgbò tí wọ́n ń bọ́ sanra nínú ilé. Albendazole ló tẹ̀ lé e, bí o bá lè ní sùúrù dé àkókò tó yẹ ẹ́. Triclabendazole ló lágbára jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń tà á, ó sì yẹ ká fi í pamọ́ fún ẹran tí aràn kékeré ń jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ ivermectin lásán kò kan aràn ẹ̀dọ̀ rárá. Ohun tó wà nínú ìgò la ń yẹ̀ wò níbí, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú rẹ̀, nítorí oògùn kan náà lè ní orúkọ mẹ́wàá ní ọjà kan.

Kí a tó lè dá oògùn lẹ́jọ́, ó yẹ ká mọ ohun tí ilé tí a kó ẹran sí ń ṣe fún wa. Aràn ẹ̀dọ̀ kì í ti ara àgùntàn kan bọ́ sí ara òmíì. Ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde, ó gbọ́dọ̀ já sómi kó tó pa, ọmọ tó bá pa gbọ́dọ̀ rí ìṣáwùrú kékeré kan kó wọ̀ sí lára, yóò sì lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ìṣáwùrú yẹn kó tó jáde wá lẹ̀ mọ́ koríko etí omi tàbí kó léfòó sójú omi. Ibẹ̀ ni àgùntàn ti ń jẹ ẹ́ tàbí mu ún. Àgbò tó wà nínú ilé, tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, dúsà àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ, tó ń mu omi kànga, kò ní ibi tí yóò ti kó tuntun. Èyí tó gbé wọlé nìkan ló ní. Nítorí náà, ọjọ́ tó wọlé ni ọjọ́ kìíní, kò sì sí aràn kan nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí iye ọjọ́ tí ẹran ti lò nínú ilé. Bí àgbò bá ti lo ọ̀sẹ̀ 8 nínú ilé, aràn tó kéré jù lára rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 8. Orí ìṣirò yìí ni gbogbo yíyan oògùn dúró lé.

Èyí tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà ni Fasciola gigantica, tí ìṣáwùrú rẹ̀ ń jẹ́ Radix natalensis. Àwọn irú àgùntàn bíi Balami, Uda àti Yankasa tí tírélà ń kó wá láti òkè Ọya ló sábà ń gbé e wá, pàápàá àwọn tó jẹ̀ ní fàdámà, ìyẹn ilẹ̀ àbàtà etí odò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tó jẹ́ pé etí omi nìkan ni koríko tútù kù sí. Bí alápatà bá fi ọ̀bẹ la ọ̀nà òróǹro inú irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà náà á ti nípọn, á ti le, omi òróǹro tó dúdú á sun jáde, aràn á sì tẹ̀ lé e: ó pẹlẹbẹ bí ewé, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín eérú àti pupa rẹ́súrẹ́sú, gígùn rẹ̀ sì lè tó 7 cm. Èyí tó ti dàgbà nìyẹn. Èyí tó kéré kì í gbé inú ọ̀nà òróǹro; ó ń lu ògiri ìfun jáde, ó ń gba inú ikùn dé ẹ̀dọ̀, ó sì ń jẹ ẹran ẹ̀dọ̀ kiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. F. gigantica kì í yé ẹyin títí di bí ọ̀sẹ̀ 13 sí 16 lẹ́yìn tí ẹran jẹ ẹ́. Ẹ rántí pé orí F. hepatica, ìbátan rẹ̀ tó wà ní ilẹ̀ Yúróòpù, ni wọ́n ti wọn ọ̀pọ̀ ọjọ́ orí tí wọ́n ń kọ sára ìgò, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin ní ọ̀sẹ̀ 10 sí 12. Tiwa ń pẹ́ dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìgò bá ní ọ̀sẹ̀ 6, fi ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kún un.

Albendazole ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ló wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn.

Ìwọ̀n méjì ló máa ń wà lára ìgò rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún aràn inú ìfun, 5 mg ni fún kílò kan, ìyẹn 2 ml ìgò 2.5% fún kílò 10. Fún aràn ẹ̀dọ̀, 7.5 mg ni, ìyẹn 3 ml fún kílò 10. Àgbò kílò 45 yóò gba 9 ml fún aràn ìfun, ṣùgbọ́n 13.5 ml ló ń gbà fún aràn ẹ̀dọ̀. Ẹnu òǹtajà sábà máa ń dúró sórí ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fún un ní 9 ml ti pa àwọn tí kò lágbára, ó sì dá àwọn tó lágbára sí láti máa bí irú ara wọn. Tún wo ìdá oògùn tó wà nínú ìgò dáadáa: albendazole 10% wà lórí pẹpẹ kan náà, 0.75 ml ni tirẹ̀ fún kílò 10, àgbò kílò 45 yẹn kò sì gbọ́dọ̀ gbà ju nǹkan bíi 3.4 ml lọ. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n 2.5% bu 10% ti fún ẹran ní ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá jẹ́ oníhóró 300 mg lo rà, hóró kan tó kílò 40 fún aràn ẹ̀dọ̀. Kílò 60 tí o lè rí kà lára páálí, ti aràn ìfun ni.

Albendazole kì í yòrò nínú omi. Ìyẹ̀fun funfun rẹ̀ kàn wà láàárín omi ni, bí ìgò bá sì ti pẹ́ lórí pẹpẹ, ìyẹ̀fun náà á ti sùn sísàlẹ̀. Dorí ìgò kodò, gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kí o wo ìdí rẹ̀: bí o bá rí ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì gbọ̀n tó. Gbọ̀n ọ́n títí ìdí ìgò yóò fi mọ́, kí o sì tún gbọ̀n ọ́n lẹ́yìn ẹran mẹ́ta mẹ́rin. Àìgbọnìgò ló máa ń jẹ́ kí àwọn àgbò àkọ́kọ́ mu omi lásán, kí èyí tó kẹ́yìn sì mu oògùn gbogbo wọn. Nítorí èyí kan náà, má ra oògùn tí wọ́n bù láti inú ìgò lítà kan sínú ike omi. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá òkè ìgò ni wọ́n ti bù ú tàbí ìsàlẹ̀, kò sí nọ́ḿbà NAFDAC lára rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Abo àgùntàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún kò gbọ́dọ̀ gbà á. Láti ìgbà tí àgbò bá gùn ún títí oṣù kan á fi kọjá, oògùn yìí lè ba ọmọ inú rẹ̀ jẹ́. Ní ilé tí àgbò àti abo jọ ń gbé láìsí ìdè, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó lóyún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, a kì í dábàá albendazole fún àwọn abo rárá. Kí o wá nǹkan míì.

Iṣẹ́ rere rẹ̀ ni pé owó rẹ̀ kò gani lára tó ti àwọn yòókù, ó sì tún ń pa aràn ìfun, aràn ẹ̀dọ̀fóró àti aràn pẹlẹbẹ gígùn inú ìfun. Ìgò 100 ml ti 2.5% tó àgbò kílò 45 méje. Àìdára rẹ̀ ni pé o gbọ́dọ̀ dúró títí gbogbo aràn inú ẹ̀dọ̀ yóò fi dàgbà. Bí o bá fún un lọ́jọ́ tí tírélà já ẹran sílẹ̀, àwọn àgbà á kú, àwọn ọmọ tó wà nínú ẹran ẹ̀dọ̀ á máa bá jíjẹ wọn lọ, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n á ti gba ipò àwọn tó kú.

Closantel kò ní kí o dúró tó bẹ́ẹ̀. 10 mg ni fún kílò kan, ìyẹn 1 ml ìgò 5% fún kílò 5, ẹnu ni ẹran ń gbà á. Àgbò kílò 45 á mu 9 ml. Láti bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló ti ń pa aràn ẹ̀dọ̀ dáadáa. Bí o bá fún àgbò ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ tó wọlé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tó mú ká fi í síwájú ni pé ó tún ń pa Haemonchus, aràn tín-ín-rín tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn, ó sì ń dúró pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Àgùntàn tó funfun lójú lè jẹ́ ti aràn ẹ̀dọ̀, ó lè jẹ́ ti Haemonchus, ó sì sábà máa ń jẹ́ ti àwọn méjèèjì pa pọ̀. Ó tún ń pa ìdin eṣinṣin tó máa ń wọ ihò imú àgùntàn, tó ń mú wọn sín tí ikun fi ń ṣàn.

Ṣùgbọ́n closantel kì í gba àṣìṣe. Ẹran tó bá gba ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀ lè fọ́ lójú. Ọmọlójú rẹ̀ á fẹ̀, kò ní súnkì mọ́ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i, ẹran á máa kọlu ògiri, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ojú náà kì í sì í sábà là mọ́. Ẹni tó ń fojú díwọ̀n ẹran, tó wo àgbò kílò 25 tó ní irun púpọ̀ tó sọ pé kílò 60 ni, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlọ́po méjì àtààbọ̀ kó tó bu oògùn. Bí ẹran bá tu díẹ̀ jáde, má fún un ní odindi ìwọ̀n kejì. Má sì pa á pọ̀ mọ́ oxyclozanide tàbí nitroxynil, oògùn aràn ẹ̀dọ̀ méjì tí a máa tó yẹ̀ wò, nítorí bákan náà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, májèlé wọn á gun ara wọn. Closantel tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ ivermectin fún abẹ́rẹ́ tún wà ní ọjà; ìwọ̀n tirẹ̀ yàtọ̀, má fi èyí tí a kọ síbí wọn ọ́n.

Triclabendazole nìkan ni oògùn tó ń pa aràn ẹ̀dọ̀ láti ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara ẹran. 10 mg fún kílò kan ni, 1 ml ìgò 5% fún kílò 5. Òun ni ká wá bí ẹran tuntun bá ń kú lójijì, tí wọ́n la inú rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kún ikùn, tí ẹ̀dọ̀ sì kún fún ojú ọgbẹ́ tóóró tóóró. Ní irú ipò yìí, albendazole àti closantel kò lè dé ibi tí aràn wà. Àmọ́ kò kan aràn ìfun kankan, nítorí náà kò lè dá ṣiṣẹ́ méjèèjì. Ohun kejì ni pé ní Ọsirélíà, láti nǹkan bí ọdún 1995, wọ́n ti rí aràn ẹ̀dọ̀ tí apá oògùn yìí kò ká mọ́, wọ́n sì ti rí irú rẹ̀ ní Yúróòpù lẹ́yìn náà. Wọ́n lò ó lemọ́lemọ́ ni. Ilé tó bá ti ní sùúrù ọ̀sẹ̀ 8 kò nílò rẹ̀ lójoojúmọ́. Kó pa á mọ́ di ọjọ́ tí kò ní sí òmíì.

Oxyclozanide tí wọ́n pò mọ́ levamisole ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn ẹran. Nínú ìgò tó jẹ́ 3% oxyclozanide àti 1.5% levamisole, 5 ml ni fún kílò 10, àgbò kílò 45 á mu 22.5 ml. Aràn àgbà nìkan lòun náà ń pa, levamisole inú rẹ̀ ló ń mójú tó aràn ìfun. Ìgbẹ́ ẹran lè rọ̀ fún ọjọ́ kan méjì. Bó bá pọ̀ jù, ẹran á máa dá itọ́, á máa gbọ̀n. A fi í sí ipò kan náà pẹ̀lú albendazole, ó sì sàn jù ú lọ fún abo tí àgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn.

Nitroxynil jẹ́ abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ. Nínú ìgò 25%, 1 ml ni fún kílò 25. Ó ń pa aràn láti bí ọ̀sẹ̀ 8, ó ń pa Haemonchus pẹ̀lú, àwọ̀ yẹ́lò rẹ̀ kì í sì í kúrò lára irun àti aṣọ.

Ọ̀rọ̀ ivermectin kò gùn. Kò pa aràn ẹ̀dọ̀, bó ti wù kí ìwọ̀n rẹ̀ tó. Èyí tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ clorsulon ń pa àgbà, ṣùgbọ́n fún màlúù ni wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olówò àgbò ń gún ivermectin fún gbogbo ẹran tó wọlé, wọ́n sì gbà pé ọ̀rọ̀ aràn ti parí níbẹ̀. Èkúrú, iná àti aràn ìfun ni ẹ gún. Ẹ̀dọ̀ ṣì wà bó ṣe wà.

Gbogbo ìwọ̀n tí a kà sílẹ̀ yìí kò wúlò bí o kò bá mọ kílò ẹran. Sikéèlì ìkọ́ pẹ̀lú àpò tàbí okùn fífẹ̀ ló dára jù. Bí kò bá sí, mú téèpù télọ̀: wọn àyà ẹran yíká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú gan-an, kí téèpù fún mọ́ awọ láìfún un lọ́rùn, lẹ́yìn náà wọn gígùn rẹ̀ láti ìmú èjìká dé egungun ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Fi àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ (àyà × àyà), fi gígùn sọ ìyẹn di púpọ̀, kí o fi 10,840 pín in. Àgbò tí àyà rẹ̀ jẹ́ 80, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 75, á bọ́ sí bíi kílò 44. Fún albendazole, o lè kó àwọn tí ara wọn sún mọ́ra pọ̀ kí o fi èyí tó wúwo jù nínú wọn ṣe ìwọ̀n. Má ṣe bẹ́ẹ̀ fún closantel. Ẹran kọ̀ọ̀kan ni kó gba tirẹ̀.

Bí a ṣe ń fún un lẹ́nu náà ní ọ̀nà. Ti ìdí àgbò mọ́ ògiri, fi ẹsẹ̀ méjèèjì há a láàárín, fi ọwọ́ òsì gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ọgbọọgba: bí imú bá ga ju ojú lọ, oògùn lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, aràn ni wọ́n á sì sọ pé ó pa á. Ti ẹnu sírínjì 20 ml tí kò ní abẹ́rẹ́ bọ igun ẹnu, níbi tí kò sí eyín láàárín ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí ó gba orí ahọ́n kọjá, kí o sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó lè máa gbé e mì. Bó bá wúkọ́, dáwọ́ dúró, jẹ́ kó sọ orí kalẹ̀. Bí o bá ń lo ìbọn ìfúnnilóògùn, yìn ín sínú sírínjì kan kí o tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kọ 10 ml sí ara lè máa tu 8 jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá fi Iléyá ṣe ìṣirò, nítorí ó yẹ kí o ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìwé closantel láti Yúróòpù kọ ọjọ́ 42 kí a tó pa àgùntàn jẹ. Ka tìrẹ, èyí tó bá wà níbẹ̀ ni kí o tẹ̀ lé. Ọ̀sẹ̀ 8 nínú ilé jẹ́ ọjọ́ 56, fi 42 kún un, ó di 98. Àgbò tí o máa fi closantel tọ́jú lọ́nà tó pé gbọ́dọ̀ ti wọlé ó kéré tán ọjọ́ 98 ṣáájú Iléyá. Fún albendazole, ọ̀sẹ̀ 16 jẹ́ ọjọ́ 112. Bí ìwé tìrẹ bá ní ọjọ́ 14, ó di 126. Àgbò tó bá wọlé ní oṣù méjì péré sí Iléyá kò ní àyè fún ìdúró yìí. Yẹ inú ìpéǹpéjú rẹ̀ wò lọ́jọ́ tó dé. Bó bá pupa, bọ́ ọ dáadáa kí o tà á. Bó bá funfun, tí omi sì kó sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, pe dókítà ẹran. Closantel lọ́jọ́ yẹn lè gbà á là, ó ṣì kù ọjọ́ tó tó kó kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú àgbò bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé títọ́ dàgbà ni, kó tún gbà á ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Aràn kan ṣoṣo lè fa ẹ̀jẹ̀ tó tó 0.5 ml lójúmọ́. Ẹran tó gbé 50 lè máa pàdánù 25 ml lójoojúmọ́, kò sì sí dúsà tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Gbogbo ìṣirò yìí á wó bí koríko àbàtà bá wọ ilé. Ẹni tó ń lọ gé èèsún tútù létí odò, tàbí koríko àkùrọ̀, tó ń rù ú wá fún àgbò láràárọ̀, ti gbé fàdámà wá bá a nínú ilé, kò sì sí ọjọ́ kìíní mọ́. Ìsàlẹ̀ igi koríko, níbi tí omi ń dé, ni ọmọ aràn ń lẹ̀ mọ́ jù. Gé koríko lórí ilẹ̀ gíga. Ewé àgúnmánìyẹ̀ orí igi kò ní ewu yìí. Bó bá di dandan kí o gé ti etí omi, fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, sá òkè rẹ̀ sóòrùn títí igi rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́ bí o bá tẹ̀ ẹ́, kí o sì fi pamọ́ síbi gbígbẹ. Ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ ń pa á, ọ̀rinrin ń dá a sí. Omi odò lè gbé e wá láìsí koríko kankan. Ìgbẹ́ tútù láti ilé àgùntàn kò gbọ́dọ̀ lọ sí àkùrọ̀ tí o ti ń gé koríko. Kó o jọ, jẹ́ kó gbóná kó jẹrà kó tó wọ oko. Àwọn kan máa ń da kọ́pà sọ́fétì sómi láti pa ìṣáwùrú. Ẹ má ṣe é níbi tí àgùntàn lè dé: kò sí ẹran ọ̀sìn tí kọ́pà tètè ń pa bí àgùntàn.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé oògùn ṣiṣẹ́ ni ìgbẹ́ ẹran. Mú ìgbẹ́ tútù láti ara ẹran bíi mẹ́wàá lọ́jọ́ tí o fún wọn lóògùn, mú òmíì lọ́jọ́ kọkànlélógún, kí o gbé méjèèjì lọ sí láàbù. Ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, jẹ́ ibi tí èèyàn lè béèrè. Sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe èyí tó ń jẹ́ kí ẹyin rì sísàlẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń mú ẹyin léfòó, nítorí ẹyin aràn ẹ̀dọ̀ wúwo. Ẹni tó bá ṣe ti léfòó nìkan lè sọ pé kò sí nǹkan kan, kí ẹ̀dọ̀ sì kún. Wọ́n á po ìgbẹ́ náà mọ́ omi, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kó rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á da omi orí rẹ̀ nù, wọ́n á tún un ṣe títí omi á fi mọ́, wọ́n á wá kán aró búlúù díẹ̀ sí i: ẹyin aràn ẹ̀dọ̀ á dúró ní àwọ̀ wúrà láàárín búlúù. Àìrí ẹyin kò túmọ̀ sí pé kò sí aràn bí ẹran kò bá tíì lo ọ̀sẹ̀ 16 nínú ilé, nítorí èyí tó kéré kò tíì máa yé. Ṣùgbọ́n bí ẹyin bá wà lọ́jọ́ kìíní, tó ṣì wà lọ́jọ́ kọkànlélógún, kọ́kọ́ yẹ kílò ẹran, ìwọ̀n tí o bù àti bí o ṣe gbọn ìgò wò. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dúró dáadáa, má tún fún un ní oògùn kan náà. Mú èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà míì, láti albendazole bọ́ sí closantel, kí o sì tún gbé ìgbẹ́ lọ sí láàbù lẹ́yìn ọjọ́ 21 míì.